Bí A Ti Ń To Iṣẹ́ fún Òṣìṣẹ́ àti Ẹ̀rọ

Àwọn àgbẹ̀ tí ó máa ń ṣe àáró mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò tíì mọ̀ dáradára: pé ọ̀rọ̀ ẹni tí a ó kọ́kọ́ lọ sí oko rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ọkùnrin márùn-ún bá ń ṣe àáró ní ìgbà òjò, oko ẹni tí ó kángun sẹ́yìn ni koríko yóò bò jù. Ọwọ́ kò dín, ọkọ́ kò dín, síbẹ̀ ipò tí oko kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà ni yóò sọ ẹni tí yóò jèrè àti ẹni tí yóò pàdánù. Irú ọ̀ràn yìí gan-an ni ó wà ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ọjà jáde, àfi pé níbẹ̀ ohun méjì ni a ń tò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyíinì ni ènìyàn àti ẹ̀rọ, iṣẹ́ kò sì lè lọ síwájú bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò bá sí ní àrọ́wọ́tó. Lóde òní oríṣiríṣi ètò orí kọ̀ǹpútà ni a lè fi to iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ya àtẹ tí ó dùn-ún wò. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni ohun tí àtẹ náà mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀, nítorí pé nígbà tí ètò bá forí ṣánpọ́n, òṣìṣẹ́ ni a sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Orúkọ tí ó lẹ̀ mọ́ irú àtẹ yìí jákèjádò ayé ni ti Henry Laurence Gantt, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a bí ní ìpínlẹ̀ Maryland ní ọdún 1861. Ní ọdún 1887 ni ó wọ iṣẹ́ ní Midvale Steel, ilé iṣẹ́ irin kan ní ìlú Philadelphia. Ibẹ̀ ni ó ti bá Frederick Winslow Taylor ṣiṣẹ́ pọ̀, Taylor tí ó gbajúmọ̀ nítorí pé ó ń fi aago ka ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òtítọ́ ni pé Gantt kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú kan irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì kan, Karol Adamiecki, ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1896 fún àwọn ilé iṣẹ́ tí a ti ń fi ẹ̀rọ tẹ irin gbígbóná di pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ èrò rẹ̀, àwọn tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí kò sì rí i kà. Báyìí ni iṣẹ́ rere ṣe ń fara sin sínú èdè tí àwọn alágbára ayé kò gbọ́. Ọ̀ràn náà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá.

Bí àtẹ Gantt ti rí nìyí. A ó kọ orúkọ ẹ̀rọ tàbí ti òṣìṣẹ́ sí apá òsì ìwé, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. A ó pín òkè ìwé náà sí ọjọ́ tàbí wákàtí. Lẹ́yìn náà a ó fa ìlà láti ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí yóò parí sí. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ pàápàá lè wò ó, kí ó sì mọ ẹ̀rọ tí ó jókòó láìṣiṣẹ́ àti èyí tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn ará Amẹ́ríkà lò ó níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà àti níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára jù lára àtẹ àtijọ́ yìí ni àwọn ènìyàn gbàgbé jù. Níbi tí iṣẹ́ òòjọ́ kò bá ti pé iye tí a dá fún un, a kì í fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́tà kan ni a ń kọ síbẹ̀ láti sọ ìdí rẹ̀: ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ tí kò wá, òmíràn fún ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé, òmíràn fún ohun èlò tí kò dé, òmíràn fún irinṣẹ́ tí kò pé, òmíràn fún ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́. Bí a bá ka àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ní òpin ọ̀sẹ̀, a ó mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi òṣìṣẹ́ àti èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi ọ́fíìsì. Gantt tilẹ̀ takú ní ọdún 1915 pé owó tí ẹ̀rọ tí ó jókòó ń jẹ kò yẹ ní kíkó lé orí ọjà tí àwọn ẹ̀rọ yòókù ṣe jáde. Kí a yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ọ̀gá lè rí i. Púpọ̀ nínú àwọn àtẹ aláràbarà tí kọ̀ǹpútà ń yà lónìí ni kò ní lẹ́tà kankan.

Gantt kú ní ọdún 1919. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí kọ̀ǹpútà tó dá sí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1957, Morgan Walker ti ilé iṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti Remington Rand pawọ́ pọ̀ láti wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa to iṣẹ́ kíkọ́ àti títún ilé iṣẹ́ apòògùn ṣe. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ nítorí Polaris, ohun ìjà tí a ń yìn láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi. Ọgbọ́n tí ó wà nínú méjèèjì jọra. A ó kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, iye ọjọ́ tí yóò gbà, àti iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí kí òun tó bẹ̀rẹ̀. A kò lè kan òrùlé kí ògiri tó dúró, ṣùgbọ́n a lè kun ẹnu ọ̀nà àgbàlá nígbà tí ó bá wù wá. Bí a bá so gbogbo iṣẹ́ pọ̀ báyìí, a ó rí ìsokọ́ra kan tí ó gùn ju àwọn yòókù lọ; òun ni ó ń sọ ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò parí. A lè pè é ní ọ̀nà àìgbọdọ̀pẹ́, nítorí pé bí iṣẹ́ kan lórí rẹ̀ bá pẹ́ ní ọjọ́ kan, gbogbo iṣẹ́ pẹ́ ní ọjọ́ kan nìyẹn.

Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Àlébù rẹ̀ ni pé ó ka àkókò, ó ka ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n kò ka ọwọ́. Bí iṣẹ́ méjì kò bá dúró de ara wọn, ìṣirò náà gbà pé a lè ṣe méjèèjì ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà, ìbáà ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni a ní fún àwọn méjèèjì. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a ń lò fún iṣẹ́ àkànṣe, bí irú Microsoft Project tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1984, jogún ọgbọ́n yìí pẹ̀lú àlébù rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi nǹkan kún un. A lè kọ orúkọ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ sínú wọn, a sì lè sọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù yóò ṣe. Bí a bá wá yan iṣẹ́ méjì fún ẹ̀rọ kan ní wákàtí kan náà, ètò náà yóò fi àwọ̀ pupa kọ orúkọ ẹ̀rọ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n kò ní sún iṣẹ́ kankan sẹ́yìn àfi bí a bá pàṣẹ fún un. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò tẹ àtẹ rẹ̀ jáde, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, yóò sì máa bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ìdí tí iṣẹ́ ọjọ́ kan fi di iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Nígbà tí a bá sì pàṣẹ fún un pàápàá, ó kù síbì kan. Ètò náà ní láti mú ọ̀kan ṣáájú, kí ó sì fi ìkejì sẹ́yìn. Èwo ni kí ó ṣáájú? Ibí yìí ni gbogbo ọ̀ràn náà dì sí.

Kí a gbà pé ilé ìtẹ̀wé kan ní ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan fún títẹ ìwé, èkejì fún dídì í. Ìwé mẹ́rin ni ó wà nílẹ̀. Ìwé ìtàn yóò gba wákàtí 5 lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti wákàtí 2 lórí ẹ̀rọ ìdìwé. Ìwé àlọ́ yóò gba 1 àti 6. Ìwé ìṣirò yóò gba 9 àti 7. Ìwé orin yóò gba 3 àti 8. Bí a bá ṣe wọ́n bí wọ́n ti dé, ẹ̀rọ ìdìwé yóò jókòó fún wákàtí 5 kí ìwé ìtàn tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Yóò di ìyẹn, yóò di ìwé àlọ́, yóò sì parí rẹ̀ ní wákàtí kẹtàlá. Ìwé ìṣirò kò ní kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé títí di wákàtí kẹẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà ẹ̀rọ ìdìwé yóò tún jókòó fún wákàtí méjì. Nígbà tí a ó bá fi di ìwé orin tán, ó di wákàtí 30.

Ní ọdún 1954, onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, Selmer Martin Johnson, tẹ òfin kan jáde tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè lò. Kí a wá iye tí ó kéré jù nínú gbogbo iye tí a kọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ náà lọ sí iwájú ìlà. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ kejì, kí ó lọ sí ẹ̀yìn ìlà. Kí a yọ iṣẹ́ náà kúrò, kí a sì tún wò láàrin èyí tí ó kù. Nínú àpẹẹrẹ wa, 1 ni ó kéré jù, ti ìwé àlọ́ ni, lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ìwé àlọ́ síwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 2, ti ìwé ìtàn lórí ẹ̀rọ kejì. Ìwé ìtàn sẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn náà ni 3, ti ìwé orin lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ìwé orin ṣe ìkejì, ìwé ìṣirò sì bọ́ sí ipò kẹta. Bí a bá tò wọ́n báyìí, ẹ̀rọ ìdìwé yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan péré, kò sì ní sinmi mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí ní wákàtí 24. A kò ra ẹ̀rọ, a kò gba òṣìṣẹ́ kún un, a kò ní kí ẹnikẹ́ni yára ju bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ wákàtí 6 ti wọlé. Kò sì sí ètò tí ó lè mú un kéré sí 24, nítorí pé dídì nìkan gba wákàtí 23, a sì ní láti tẹ ìwé kan ná kí dídì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ méjì ni òfin yìí wà fún. Nígbà tí ẹ̀rọ bá di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí òfin kúkurú bẹ́ẹ̀ tí ó bá gbogbo ọ̀ràn mu. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ọ̀nà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ 4 lórí ẹ̀rọ kan ní ọ̀nà 24 tí a lè gbà tò ó. Iṣẹ́ 10 ní ọ̀nà 3,628,800. Bí ẹ̀rọ bá sì di 10, tí olúkúlùkù ní ìlà tirẹ̀, iye náà kọjá ohun tí ẹnu lè kà. Ní ọdún 1963 a tẹ ọ̀ràn ìdánwò kan sínú ìwé kan tí John Muth àti Gerald Thompson ṣe olóòtú rẹ̀, iṣẹ́ mẹ́wàá lórí ẹ̀rọ mẹ́wàá, ọ̀ràn tí a lè kọ sí ojú ewé kan ṣoṣo. Ọdún 1989 ni àwọn ará Faransé méjì, Jacques Carlier àti Éric Pinson, tó fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé 930 ni ìdáhùn rẹ̀ tí ó kéré jù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbé e kalẹ̀, gbé e ru. Nítorí náà, bí ètò kan lórí kọ̀ǹpútà bá to iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá láàrin ìṣẹ́jú kan, ètò tí ó ṣeé lò ni ó fún wa, kò dájú pé ètò tí ó dára jù lọ ni. Kò sí àbùkù nínú èyí, bí ẹni tí ń lò ó bá ti mọ̀.

Títí di ìhín, bí ẹni pé ẹ̀rọ nìkan ni ó wà ni a ti ń sọ̀rọ̀. Ènìyàn ni ó mú ọ̀ràn náà le sí i. Ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Òṣìṣẹ́ ń jẹun, ó ń sùn, ó ń lọ sí ilé òkú, ó ń ṣọdún. Ẹ̀rọ mẹ́ta lè jọra bí ìbejì. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta kì í jọra, ọ̀kan lè mọ ẹ̀rọ mẹ́rin í lò kí èkejì mọ ẹyọ kan. Èyí tí ó sì ń da ọ̀pọ̀ aṣètò láàmú ni pé àkókò tí iṣẹ́ fi wà lórí ẹ̀rọ àti àkókò tí ó fi nílò ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi èyí hàn. Ilé iṣẹ́ kan ní ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń gbẹ́ irin, ó sì ní ògbóǹtagí kan ṣoṣo tí ó mọ bí a ti ń dè wọ́n fún iṣẹ́ tuntun. Dídè gba wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ yóò máa gbẹ́ fún wákàtí márùn-ún, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sì lè máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀. Bí aṣètò bá kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé wákàtí mẹ́fà ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì so ògbóǹtagí mọ́ gbogbo rẹ̀, ètò yóò ní iṣẹ́ mẹ́ta gba wákàtí 18, ọ̀gá yóò sì máa ronú àtigba ògbóǹtagí méjì sí i. Bí ó bá gbàgbé ògbóǹtagí pátápátá, ètò yóò ní wákàtí 6 ni, nítorí pé ẹ̀rọ mẹ́ta ni. Irọ́ ni, ẹnì kan kò lè de ẹ̀rọ mẹ́ta nínú wákàtí kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì, dídè lọ́tọ̀ tí ó nílò ògbóǹtagí àti ẹ̀rọ, gbígbẹ́ lọ́tọ̀ tí ó nílò ẹ̀rọ àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́, yóò rí i pé wákàtí 8 ni: ẹ̀rọ kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan, èkejì lẹ́yìn méjì, ẹ̀kẹta lẹ́yìn mẹ́ta. Wákàtí 18, 6, àti 8, láti inú ilé iṣẹ́ kan náà àti kọ̀ǹpútà kan náà. Èyí tí ó léwu jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni 6, nítorí pé ọ̀gá yóò ti fi ṣèlérí fún oníbàárà, ògbóǹtagí ni a ó sì pè lọ́lẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn ará Jàpáànì tètè rí i pé a lè já okùn tí ó so ènìyàn mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìhunṣọ tí Sakichi Toyoda parí ní ọdún 1924 máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já, nítorí náà òṣìṣẹ́ kan lè máa bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láìdúró ti ọ̀kankan. Ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota, ọ̀ràn dídè ẹ̀rọ ni a gbájú mọ́. Shigeo Shingo ròyìn pé ní ọdún 1969, wákàtí mẹ́rin ni a fi ń pààrọ̀ ohun tí a fi ń tẹ irin lára ẹ̀rọ ńlá kan níbẹ̀. A mú un wá sí wákàtí kan ààbọ̀, lẹ́yìn náà sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, pàápàá nípa ṣíṣe gbogbo ìmúra tí a bá lè ṣe sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Níbi tí a kò bá tíì lè dín àkókò dídè kù, títò ni a ó fi bá a jà. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ kan po ọ̀dà máa ń ti orí funfun lọ sí dúdú, nítorí pé ọ̀dà funfun tí ó kù lára ìkòkò kò lè ba dúdú jẹ́ tó bí dúdú ti lè ba funfun jẹ́.

Eliyahu Goldratt, onímọ̀ físíìsì ọmọ Ísírẹ́lì, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1984, *The Goal*, tí ó fi ìtàn àròsọ kọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ tí wọn kò fẹ́ gbọ́. Ó ní nínú gbogbo ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ tàbí ènìyàn kan wà tí gbogbo iṣẹ́ ń tò dè, bí obìnrin ti ń tò sí ìdí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ní àdúgbò. Wákàtí kan tí ó bá ṣòfò níbẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó ṣòfò. Wákàtí tí a bá sì jèrè níbòmíràn, èrè lásán ni, nítorí pé kò mú ohunkóhun yára jáde. Láti inú èyí ni ohun tí ó ń bí àwọn ọ̀gá nínú ti jáde wá: pé àwọn ẹ̀rọ yòókù gbọ́dọ̀ máa sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láìdúró, òkìtì iṣẹ́ àṣetì ni wọn yóò máa kó síwájú ẹ̀rọ tí ó lọ́ra, owó ilé iṣẹ́ yóò sì há sínú òkìtì náà. Òṣìṣẹ́ tí ó dúró fún wákàtí kan nítorí pé ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kò tíì dé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá ń fi iye wákàtí tí ọwọ́ kún fún iṣẹ́ díwọ̀n òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń sanwó fún òkìtì yìí láìmọ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kí a kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ tàbí ènìyàn tí a ń tò dè, kí a to ìlà tirẹ̀ dáradára, bóyá nípa òfin Johnson, bóyá nípa ọjọ́ tí oníbàárà ń retí ọjà, bóyá nípa àwọ̀ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni a ó wá to àwọn yòókù láti máa bọ́ ọ. Aṣètò tí ó bá ń to ogójì ẹ̀rọ pẹ̀lú àfiyèsí kan náà ń fi agbára ṣòfò lórí mẹ́tàdínlógójì nínú wọn. Kí kàlẹ́ńdà ẹ̀rọ yàtọ̀ sí kàlẹ́ńdà òṣìṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò ni yóò fún méjèèjì ní kàlẹ́ńdà kan náà bí a kò bá sọ fún un, ẹ̀rọ tí ó lè dá gbẹ́ irin ní òru yóò sì máa lọ sùn ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú akọ̀wé.

Ìbéèrè tí ó kù ni ibi tí aṣètò ti rí iye wákàtí tí ó ń kọ sílẹ̀. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ń sọ bí ẹ̀rọ ti yára tó nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun, tí iná kò ṣẹ́jú, tí ohun èlò sì mọ́. Ẹni tí ó dúró tì í lójoojúmọ́ ni ó mọ bí ó ti rí nísinsìnyí, ó mọ ọjọ́ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń yọ̀ àti irú irin tí kò fẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ń kọ wákàtí gidi sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí ìdádúró gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lórí àtẹ Gantt, yóò lè máa tún iye inú kọ̀ǹpútà ṣe ní oṣooṣù. Èyí tí kò bá kọ ọ́ yóò máa fi iye ọdún tí a ra ẹ̀rọ to iṣẹ́ ọdún yìí.